Ní Copenhagen, Wọ́n Ṣì Ń Béèrè Ibi Tí A Ti Bí Bàbá Ẹni

Bí ènìyàn bá dúró ní Rådhuspladsen, gbàgede ńlá tó wà láàárín ìlú Copenhagen, ilé ìjọba ìlú ni ojú rẹ̀ máa kọ́kọ́ bá. Bíríkì pupa ni wọ́n fi kọ́ ọ, ọdún 1905 ni wọ́n ṣí i, ilé ìṣọ́ tí aago rẹ̀ wà lórí rẹ̀ sì ga ju gbogbo òrùlé àyíká lọ. Lọ́jọ́ tí a débẹ̀, tọkọtaya kan ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde láti inú ilé náà ni. Àwọn ọ̀rẹ́ wọn ń da ìrẹsì lé wọn lórí, àwọn ẹyẹlé sì ti bà síbẹ̀, wọ́n ń ṣà á jẹ.

Àǹtí ló mú mi rìn. Ọmọ Ìlá Ọ̀ràngún ni, ó ti pẹ́ ní Denmark, iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó ló ń ṣe níbẹ̀, kò sì sí kọ̀rọ̀ ìlú náà tí kò mọ̀. Mo ti sọ fún un pé ẹsẹ̀ ni mo fẹ́ fi rìn láti ibẹ̀ títí dé Mjølnerparken ní Nørrebro, àdúgbò tí òkìkí rẹ̀ kàn nítorí òfin tí wọ́n ṣe lé e lórí. Ó wo bàtà ẹsẹ̀ mi. Ó ní, "Àbúrò, ó jìnnà díẹ̀ o, àmọ́ ọ̀nà tẹ́jú."

Ohun tí mo ń wá kò fara sin. Mo fẹ́ràn ohun tí Denmark ti ṣe fún àwọn ènìyàn rẹ̀. Aláìsàn ń gba ìtọ́jú nílé ìwòsàn láìsan kọ́bọ̀. Ọmọ ń lọ sí yunifásítì lọ́fẹ̀ẹ́, ìjọba sì tún ń fún un lówó oúnjẹ lórí rẹ̀. Orílẹ̀-èdè yìí kan náà ni àwọn ìjọba Yúróòpù mìíràn ń tọ̀ lọ báyìí láti kọ́ bí a ṣe ń lé àjèjì sẹ́yìn. Mo fẹ́ mọ bí ọwọ́ kan ṣe ń ṣe iṣẹ́ méjèèjì.

Ilé ìjọba ìlú yìí gan-an ni mo ti rí ohun tó jọ ìdáhùn àkọ́kọ́. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá ọdún 1989, Axel àti Eigil Axgil, ọkùnrin méjì tí wọ́n ti jọ ń gbé pọ̀ fún nǹkan bí 40 ọdún, wọ inú ilé yìí lọ fọwọ́ sí ìwé àjọgbé pẹ̀lú àwọn mìíràn bíi tiwọn. Denmark ni orílẹ̀-èdè tó kọ́kọ́ ṣe irú òfin bẹ́ẹ̀ láyé. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀yin tó ń ka èyí kò fara mọ́ irú àjọgbé yìí, n kò sì fẹ́ fi ọ̀ranyàn yí yín lérò padà. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ bá mi wò ni pé ní àwọn ọdún 1950, ìjọba ilẹ̀ yìí ti fi àwọn ọkùnrin méjì yìí sẹ́wọ̀n rí. Ìlú tó tì wọ́n mọ́lé ló padà wá ṣílẹ̀kùn ilé tó níyì jù lọ fún wọn. Ìlú tó lè wo ìwà ara rẹ̀ báyìí, kí ó sì yí padà, yẹ fún ọ̀wọ̀.

Àwọn tó ń gba ìwé ọmọ onílẹ̀ náà ní ayẹyẹ tiwọn. Láti ọdún 2019, ẹni tó bá fẹ́ di ọmọ Denmark gbọ́dọ̀ wá síbi ayẹyẹ tí ìjọba ìbílẹ̀ rẹ̀ ṣètò, kí ó sì bọ aṣojú ìjọba lọ́wọ́ láìwọ ìbọ̀wọ́. Gbogbo ènìyàn ló mọ ẹni tí wọ́n ń bá wí: àwọn Mùsùlùmí tí ẹ̀sìn wọn kò jẹ́ kí ọkùnrin bọ obìnrin lọ́wọ́, tàbí kí obìnrin bọ ọkùnrin. Àwọn olóṣèlú tó ṣe òfin náà ní ìdọ́gba ọkùnrin àti obìnrin ni àwọn ń dáàbò bò. Àmọ́ nígbà tí kòrónà dé ní 2020, tí ìjọba ní kí ẹnikẹ́ni má ṣe bọ ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ mọ́, ṣe ni ayẹyẹ náà dúró. Àwọn tó ti yege gbogbo ìdánwò wá ń jókòó sílé, wọ́n ń dúró dìgbà tí ọwọ́ yóò tún lè kan ọwọ́.

Àǹtí kò tíì dé ibi ayẹyẹ yẹn. Ìwé ìgbélùú ló ní. Ẹni tó bá fẹ́ ti ọmọ onílẹ̀ gbọ́dọ̀ ti gbé Denmark fún ọdún 9, kí ó yege nínú ìdánwò èdè, kí ó sì tún yege nínú ìdánwò ìbéèrè 45 lórí ìtàn àti ìṣèlú ilẹ̀ náà. Nínú 45 yẹn, 36 ló gbọ́dọ̀ gbà, kò sì gbọ́dọ̀ kùnà ju ẹyọ kan lọ nínú márùn-ún tó dá lórí ìwà tí Denmark kà sí tirẹ̀. Nínú ọkọ̀ ojú irin ló ti ń kàwé, bó bá ń lọ síbi iṣẹ́ òwúrọ̀. Ọmọkùnrin rẹ̀ tó bí síbẹ̀ kì í ṣe ọmọ onílẹ̀ títí di báyìí, nítorí ibi tí a bí ọmọ sí kò tó láti sọ ọ́ di ọmọ Denmark. Ọmọ náà ló sì ń tún èdè Danish ìyá rẹ̀ ṣe lórí tábìlì oúnjẹ.

A gba àárín àwọn òpópónà tóóró lọ sí Krystalgade. Sínágọ́gù ńlá àwọn Júù wà níbẹ̀ láti ọdún 1833. Níbí ni rábì Marcus Melchior ti dúró ní òwúrọ̀ ọjọ́ 29 oṣù kẹsàn-án ọdún 1943, nígbà tí ilẹ̀ náà wà lábẹ́ àwọn Násì, tó sọ fún ìjọ pé kí wọ́n lọ sápamọ́ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, kí wọ́n sì máa sọ ọ́ láti ẹnu dé ẹnu. Ohun tó tẹ̀ lé e jẹ́ ọ̀kan nínú ohun tó dára jù lọ tí àwọn ará ìlú kan ti ṣe rí fún ẹni tí wọ́n ń lépa. Àwọn aládùúgbò gbé wọn pamọ́. Àwọn dókítà gbà wọ́n sílé ìwòsàn bí ẹni tí ara rẹ̀ kò yá. Bispebjerg, tí kò jìnnà sí ibi tí a ń lọ, wà lára àwọn ilé ìwòsàn náà. Àwọn apẹja sì fi ọkọ̀ ojú omi kó ju 7,000 ènìyàn kọjá omi Øresund lọ sí Sweden. Lẹ́yìn ogun, nígbà tí àgbáyé ṣe àdéhùn 1951 lórí ogúnléndé, Denmark ló kọ́kọ́ fọwọ́ òfin sí i.

Àmọ́ Krystalgade kan náà ni wọ́n ti yìnbọn pa ọkùnrin Júù kan tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ní òru oṣù kejì ọdún 2015, nígbà tí ẹbí kan ń ṣe ayẹyẹ fún ọmọbìnrin wọn nínú lọ́hùn-ún. Ní ọ̀sán tó ṣáájú, apààyàn kan náà ti pa ẹni tó ń ṣe fíìmù níbi ìpàdé kan lórí òmìnira ọ̀rọ̀ sísọ. Ọ̀dọ́mọkùnrin ni, Copenhagen ni wọ́n bí i sí, ará Palẹ́síténì ni àwọn òbí rẹ̀. Ìtòsí ibùdókọ̀ Nørrebro ni àwọn ọlọ́pàá ti pa á. N kò lè rìn kọjá ibẹ̀ kí n má sọ ọ́. Ẹni tó bá sọ̀rọ̀ lórí ìkórìíra àjèjì tí kò mẹ́nu kan ohun tó ń ba àwọn onílẹ̀ lẹ́rù ti fi ìdajì ọ̀rọ̀ pamọ́. Ẹ̀rù yẹn kì í ṣe irọ́. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wọ́ ni ìgbà tí wọ́n gba ẹ̀ṣẹ̀ ẹnì kan, tí wọ́n wá pín gbèsè rẹ̀ fún gbogbo ẹni tó bá jọ ọ́ lójú.

Ọ̀nà wa kò gba Christiansborg kọjá, ilé tí àwọn aṣòfin ń jókòó sí, ṣùgbọ́n orúkọ yẹn ń gun mi lọ́kàn. Orúkọ kan náà ni àwọn ará Denmark fún ilé olódi tí wọ́n kọ́ sí Osu ní Accra, níbi tí wọ́n ti ń kó ẹrú wọ ọkọ̀. Bí mo bá gbọ́ ọ nínú ìròyìn, ilé méjèèjì ló máa ń wá sí mi lọ́kàn.

Ní ibùdókọ̀ Nørreport, a sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀ kí n lè rí ọkọ̀ ojú irin tó ń lọ sí Malmö ní Sweden, tó ń gba orí afárá Øresund kọjá. Kò tó wákàtí kan. Ọdún 2000 ni wọ́n ṣí afárá náà, ìdùnnú ńlá ló sì jẹ́ pé orílẹ̀-èdè méjì di ọ̀kan. Lẹ́yìn ọdún méjì, ìlò mìíràn yọjú fún un. Ìjọba tó wọlé nínú ìdìbò 2001, tí ẹgbẹ́ Dansk Folkeparti tí Pia Kjærsgaard jẹ́ olórí rẹ̀ ń tì lẹ́yìn, ṣe òfin pé ẹni tó bá fẹ́ mú ọkọ tàbí aya wá láti òkèèrè gbọ́dọ̀ pé ọdún 24, ìyàwó tàbí ọkọ náà sì gbọ́dọ̀ pé e. Ó tún gbọ́dọ̀ hàn pé okùn tó so àwọn méjèèjì mọ́ Denmark lágbára ju èyí tó so wọ́n mọ́ ibòmíràn lọ. Làwọn ọmọ Denmark bá bẹ̀rẹ̀ sí í kó lọ sí Malmö láti lè máa gbé pẹ̀lú ìyàwó tàbí ọkọ wọn, wọ́n á wọ ọkọ̀ wá síbi iṣẹ́ ní Copenhagen láàárọ̀, wọ́n á sì padà lálẹ́.

Ọmọ Tógò kan wà lára àwọn tí ọ̀rọ̀ náà kàn, ẹjọ́ rẹ̀ sì ni mo fẹ́ kí gbogbo ilé Yorùbá mọ̀. Tógò ni wọ́n bí i sí ní 1971, Gánà ló ti dàgbà, ó dé Denmark ní 1993, ó kọ́ èdè, ó ṣiṣẹ́, ó sì di ọmọ onílẹ̀ ní 2002. Ní 2003, ó gbé ìyàwó ní Gánà. Wọ́n ní ìyàwó kò lè wọlé. Wọ́n wá fi àlàfo kan sínú òfin náà: ẹni tó bá ti jẹ́ ọmọ Denmark fún ọdún 28, ọ̀rọ̀ okùn kò kàn án. Ọmọ tí wọ́n bí ní ọmọ Denmark yóò pé ọdún 28 lẹ́ni ọdún 28. Òun ní tirẹ̀ gbọ́dọ̀ dúró di 2030, nígbà tí yóò ti di ẹni ọdún 59. Òun àti ìyàwó rẹ̀ lọ ń gbé Malmö, ibẹ̀ ni wọ́n sì bí ọmọ wọn sí. Ó gbé Denmark lọ sí kóòtù tó ń gbọ́ ẹjọ́ ẹ̀tọ́ ọmọ ènìyàn ní Strasbourg, ìgbìmọ̀ ńlá kóòtù náà sì dá a láre ní ọjọ́ 24 oṣù karùn-ún ọdún 2016. Wọ́n ní òfin yẹn ń ya ọmọ onílẹ̀ tó wá láti ìran mìíràn sọ́tọ̀ kúrò lára àwọn yòókù.

Nígbà tí mo ń sọ ìtàn yìí fún Àǹtí lórí àtẹ̀gùn, ohun tó fi dá mi lóhùn ni ìtàn ìdílé tirẹ̀. Kumasi ni bàbá rẹ̀ àgbà ti ń tajà nígbà tí ìjọba Busia ní Gánà pàṣẹ ní oṣù kọkànlá ọdún 1969 pé kí àjèjì tí kò níwèé kó ẹrù rẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Àìmọye Yorùbá láti Ògbómọ̀ṣọ́, Ọ̀fà, Èjìgbò àti Ìlọrin ló fi ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀ tí wọ́n padà sílé lọ́wọ́ òfo. Ní 1983, àwa náà lé àwọn ará Gánà. Báàgì tí wọ́n fi kó ẹrù ṣì ń jẹ́ Ghana Must Go ní gbogbo ọjà wa. Ẹnu wa kò mọ́ tó láti máa ka ẹ̀ṣẹ̀ sí Denmark lọ́rùn bí ẹni pé ọ̀rọ̀ yìí kò kàn wá rí. Síbẹ̀, ẹni tí wọ́n ti lé rí ló mọ̀ pé kì í ṣe ọjọ́ tí ọlọ́pàá kànlẹ̀kùn ni lílé ti bẹ̀rẹ̀. Ó ti bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ tí ìjọba kọ orúkọ àwọn kan sínú ìwé lọ́tọ̀.

Láti Nørreport, ọ̀nà gba Frederiksborggade lọ sórí afárá Dronning Louise, tó kọjá lórí àwọn adágún omi sí Nørrebro. Kẹ̀kẹ́ ni mo rí níbẹ̀, kẹ̀kẹ́ lórí kẹ̀kẹ́. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún mẹ́wàá-mẹ́wàá ló ń gba orí afárá náà kọjá lójúmọ́, ọ̀nà tiwọn sì fẹ̀ bí ọ̀nà mọ́tò. Àwọn bàbá ló wú mi lórí jù: ọkùnrin gìrìwò tó gbé ọmọ méjì sínú àpótí iwájú kẹ̀kẹ́, àpò ìlédìí wà lọ́rùn rẹ̀, ó ń kọrin fún wọn. Bàbá náà ní ẹ̀tọ́ sí ìsinmi ọmọ lábẹ́ òfin, kò sì sẹ́ni tó ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Oòrùn yọ, àwọn ọ̀dọ́ jókòó sí ẹ̀gbẹ́ afárá, dúdú àti funfun, wọ́n ń mu bíà tàbí ọtí ẹlẹ́rìndòdò. Bí ènìyàn bá dúró lórí afárá yìí nìkan, tó sì padà sílé, yóò búra pé kò sí ìkórìíra ní ìlú yìí.

Blågårds Plads wà lápá òsì wa lẹ́yìn afárá, gbàgede kékeré tí àwọn ère òkúta tí Kai Nielsen gbẹ́ yí ká. Ní oṣù kẹrin ọdún 2019, Rasmus Paludan, agbẹjọ́rò tó dá ẹgbẹ́ Stram Kurs sílẹ̀, wá síbẹ̀ láti tàbùkù Kùránì lábẹ́ ààbò ọlọ́pàá. Ìjà bẹ́, wọ́n dáná sun nǹkan káàkiri àdúgbò. Nínú ìdìbò oṣù kẹfà ọdún yẹn, Paludan kò rí ìbò tó lè gbé e wọlé. Dansk Folkeparti náà, tó gba ìdá 21 nínú ọgọ́rùn-ún ìbò ní 2015, ṣubú sí nǹkan bí ìdá 9. Ẹni tó bá gbọ́ èyí lè rò pé ìlú ti kọ̀ wọ́n. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́, Socialdemokratiet, ẹgbẹ́ tó kọ́ gbogbo ètò ìrànwọ́ tí mo ń yìn láti òwúrọ̀, ló wọlé, pẹ̀lú Mette Frederiksen, olórí rẹ̀ nígbà náà, tí ó ṣèlérí pé òun yóò máa bá ìlànà líle lórí àjèjì lọ. Ní oṣù kìíní 2021, ó sọ fún ilé aṣòfin pé àfojúsùn òun ni kí iye àwọn tó ń wá tọrọ ibi ìsádi di òdo. Ní oṣù kẹfà, wọ́n ṣòfin tó fàyè gbà á kí wọ́n kó àwọn tó bá tọrọ ibi ìsádi lọ dúró ní orílẹ̀-èdè tí kò sí ní Yúróòpù. Àwọn kan láti Síríà gba lẹ́tà pé ayé ti dẹrùn ní Damáskù, kí wọ́n máa palẹ̀ mọ́.

Ohun tí mo rí ni pé àwọn ẹgbẹ́ olùkórìíra pàdánù ìbò wọn, àmọ́ wọ́n rí ẹlòmíràn gbé èrò wọn rù. Àwọn tó gbé e rù kò sì lo ọ̀rọ̀ ìkórìíra. Wọ́n ní owó orí wa ló ń gbé ilé ìwòsàn wa ró, ìgbẹ́kẹ̀lé tó wà láàárín wa ló jẹ́ kí a máa san owó orí náà, bí àjèjì bá sì pọ̀ jù, ìgbẹ́kẹ̀lé yóò bàjẹ́. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí: ọ̀rọ̀ yẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ òmùgọ̀. Ìdí nìyí tó fi ń wọ ènìyàn rere létí. Àmọ́ ilé àwọn arúgbó tí Àǹtí ń ṣiṣẹ́ ni wọ́n ń fi owó orí yẹn gbé ró, Àǹtí ń san owó orí náà, òun náà ló sì ń wẹ̀ fún arúgbó tí ìgbẹ́kẹ̀lé wà fún.

Nørrebrogade gùn. Ilé búrẹ́dì àwọn Lárúbáwá, ṣáwámà, ilé ìgẹrun, aṣọ ìyàwó tó ń dán, ilé kọfí tí wọ́n ti ń ta ife kan lówó gọbọi. A kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri gígùn ti Assistens, ibi ìsìnkú tí àwọn òǹkọ̀wé H. C. Andersen àti Søren Kierkegaard wà, tí àwọn ènìyàn sì ń sùn sí nínú oòrùn lórí koríko. Ní Jagtvej, a dúró níbi tí nọ́ńbà 69 wà rí. Nínú ilé àwọn òṣìṣẹ́ tó wà níbẹ̀ ni ìpàdé àgbáyé àwọn obìnrin ti wáyé ní oṣù kẹjọ ọdún 1910, tí Clara Zetkin ti dá àbá pé kí a ya ọjọ́ kan sọ́tọ̀ lọ́dọọdún fún àwọn obìnrin. Ọjọ́ kẹjọ oṣù kẹta tí àwọn ìyá wa ń fi aṣọ ẹgbẹ́ ṣe ní Ìbàdàn àti ní Èkó, ibí ni wọ́n ti sọ gbólóhùn rẹ̀ àkọ́kọ́. Wọ́n wó ilé náà ní 2007.

A wá dé Superkilen. Ọgbà ìgbafẹ́ tóóró gígùn ni, wọ́n ṣí i ní 2012. Apá àkọ́kọ́ rẹ̀ pupa àti àwọ̀ osùn láti ilẹ̀ dé ògiri, apá kejì dúdú pẹ̀lú ìlà funfun tó ń yí kiri bí omi, apá kẹta jẹ́ koríko. Àwọn tó yàwòrán rẹ̀ béèrè lọ́wọ́ àwọn ará àdúgbò pé kí ni wọ́n fẹ́ràn nílé tí wọ́n ti wá, wọ́n sì lọ mú un wá láti orílẹ̀-èdè tó ju 50 lọ: ìsun omi láti Mòrókò, ohun ìṣeré ọmọdé onírí ẹja ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́jọ láti Japan, pápá ẹ̀ṣẹ́ láti Thailand, jangílófà láti Iraq, àti yẹ̀pẹ̀ pupa láti Palẹ́síténì. Ó gba ẹ̀bùn Aga Khan fún iṣẹ́ ilé kíkọ́ ní 2016. Àwọn ọmọ ń gun orí ẹja dúdú náà, wọ́n ń yọ́ bọ́ láti ọwọ́ rẹ̀, èdè Danish ni gbogbo wọn fi ń pariwo. Mi ò tíì rí ibi tí ìlú kan ti fi òkúta àti irin sọ fún àlejò báyìí rí pé a mọ̀ pé o ti ibì kan wá.

Ẹ̀gbẹ́ ọgbà yìí ni Mjølnerparken wà. Bùlọ́ọ̀kù mẹ́rin oníbíríkì tí kò ga púpọ̀, tí wọ́n kọ́ ní àwọn ọdún 1980, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan yí àgbàlá tirẹ̀ ká. Mo ti múra láti rí àdúgbò tó bani lẹ́rù. Mo rí kẹ̀kẹ́ ọmọdé, aṣọ tí wọ́n sá sí báńkóló, ìyá méjì tó jókòó sórí bẹ́ǹṣì, bàbá àgbà kan tó ń kí gbogbo ẹni tó kọjá. Mo tún rí iṣẹ́ kíkọ́ àti títúnṣe, nítorí wọ́n ti ta bùlọ́ọ̀kù méjì nínú mẹ́rin fún ilé iṣẹ́ aládàáni.

Ìdí títà náà nìyí. Ní oṣù kẹta ọdún 2018, Lars Løkke Rasmussen tó jẹ́ olórí ìjọba nígbà náà wá sí Mjølnerparken pẹ̀lú àwọn mínísítà rẹ̀ láti kéde ètò tí wọ́n ní yóò fòpin sí ohun tí òfin ilẹ̀ náà ń pè ní ghetto nígbà yẹn. Àdúgbò ilé àyágbé tí ènìyàn inú rẹ̀ bá tó 1,000, tó sì ní méjì nínú àmì mẹ́rin, ìyẹn àìríṣẹ́, ìwà ọ̀daràn, ẹ̀kọ́ tí kò tó àti owó tó ń wọlé tí kò tó nǹkan, wà nínú ìṣòro, gbogbo ènìyàn ló sì gbà bẹ́ẹ̀. Àmọ́ kí ó tó lè di ghetto, ó ku àmì kan: ó gbọ́dọ̀ jẹ́ pé ju ìdajì àwọn tó ń gbé ibẹ̀ lọ kì í ṣe ti Ìwọ̀-Oòrùn ayé. Bí àdúgbò bá sì wà lórí àkọsílẹ̀ náà fún ọdún mélòó kan léraléra, wọ́n gbọ́dọ̀ dín ilé àyágbé ẹbí tó wà níbẹ̀ kù sí ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún kí ọdún 2030 tó pé. Wọn yóò tà á, wọn yóò wó o, tàbí kí wọ́n yí i padà fún ìlò mìíràn.

Ta ni kì í ṣe ti Ìwọ̀-Oòrùn? Ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń ṣe ìṣirò, Danmarks Statistik, ní ìwé rẹ̀. Àwọn orílẹ̀-èdè ẹgbẹ́ Yúróòpù wà nínú Ìwọ̀-Oòrùn, pẹ̀lú Britain, Norway, Switzerland, Amẹ́ríkà, Kánádà, Vatican, àní Australia àti New Zealand tó wà ní ìsàlẹ̀ ayé. Japan kò sí níbẹ̀. Brazil kò sí níbẹ̀. Nàìjíríà kò sí níbẹ̀. Kò sì tán síbẹ̀, nítorí wọ́n ń ka ọmọ mọ́ òbí. Ọmọ tí wọ́n bí ní Copenhagen, tó kàwé níbẹ̀, tó tilẹ̀ ní ìwé ọmọ onílẹ̀, àtọmọdọ́mọ àjèjì ni lójú ìwé yẹn bí kò bá sí èyí nínú àwọn òbí rẹ̀ tí wọ́n bí ní Denmark tó sì tún jẹ́ ọmọ onílẹ̀. Àdúgbò méjì lè tòṣì bákan náà, kí olè wọn dọ́gba, kí àìríṣẹ́ wọn dọ́gba. Èyí tí ọmọ Ahmed pọ̀ sí ni wọn yóò tà. Èyí tí ọmọ Jensen pọ̀ sí, wọn yóò ràn án lọ́wọ́ kó lè dìde.

Àwọn òfin mìíràn bá a rìn. Òbí tó ń gbé nínú irú àdúgbò bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ fi ọmọ rẹ̀ sí jẹ́lé-ó-sinmi fún wákàtí 25 lọ́sẹ̀ láti ọmọ ọdún kan, kí ọmọ náà lè kọ́ èdè àti ìwà Denmark. Bó bá kọ̀, owó ọmọ lè dúró. Jẹ́lé-ó-sinmi Denmark dára púpọ̀, ọmọ Àǹtí lọ, inú rẹ̀ sì dùn sí i. Ṣùgbọ́n ìyá tó ń gbé òpópónà kejì, tó fẹ́ tọ́ ọmọ tirẹ̀ nílé di ọdún mẹ́ta, kò sẹ́ni tí yóò bi í. Àwọn ọlọ́pàá náà lè ya agbègbè kan sọ́tọ̀ fún ìgbà díẹ̀ tí ìjìyà àwọn ẹ̀ṣẹ̀ kan yóò fi di ìlọ́po méjì níbẹ̀. Ní 2021, wọ́n yọ ọ̀rọ̀ ghetto kúrò nínú òfin, wọ́n fi òmíràn rọ́pò rẹ̀. Wọ́n fi ìṣirò òbí sílẹ̀ síbi tó wà.

Àwọn ará Mjølnerparken pe ìjọba lẹ́jọ́ ní 2020. Kóòtù gíga Denmark gbé ìbéèrè náà lọ sí kóòtù ẹgbẹ́ Yúróòpù ní Luxembourg, àti ní ọjọ́ 13 oṣù kejì ọdún 2025, Tamara Ćapeta, agbẹjọ́rò àgbà níbẹ̀, sọ nínú ìmọ̀ràn rẹ̀ pé òfin yìí ń fi ìran ya ènìyàn sọ́tọ̀ ní tààràtà. Kóòtù Denmark fúnra rẹ̀ ni yóò fi òpin sí ẹjọ́ náà. Àwọn tó pẹjọ́ kò béèrè fún ilé tuntun. Wọ́n ń san owó ilé wọn, wọ́n fẹ́ máa gbé inú rẹ̀.

Kí ẹni tó wà ní Peckham tàbí Manchester má ṣe rò pé ọ̀rọ̀ àwọn ará Denmark lásán nìyí. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2025, nígbà tí ìjọba ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ní Britain kéde ètò tuntun rẹ̀ lórí ogúnléndé, Denmark ni wọ́n wò kọ́: ìwé ààbò tí wọn yóò máa tún yẹ̀ wò ní oṣù 30-30, àti ọdún 20 kí ogúnléndé tó wọ Britain láìgba ọ̀nà tí òfin là sílẹ̀ tó lè béèrè ìwé ìgbélùú títí láé. Àwọn ìjọba ń kọ́ èyí lára Denmark. Wọn kò tíì rán ẹnikẹ́ni lọ kọ́ bí bàbá ṣe ń gba ìsinmi ọmọ.

Mo bi Àǹtí lórí bẹ́ǹṣì inú àgbàlá pé, bí ó bá jẹ́ òun ló ń ṣòfin, kí ni yóò ṣe sí Mjølnerparken. Ó rò ó dáadáa. Ó ní òun yóò fi ọlọ́pàá síbẹ̀, nítorí àwọn ọmọ tó ń ta oògùn olóró wà lóòótọ́, wọ́n sì ń yọ àwọn ìyá lẹ́nu. Òun yóò fi olùkọ́ tó dáńgájíá síbẹ̀. Òun yóò fi ìṣirò iṣẹ́, ti ẹ̀kọ́, ti owó àti ti ọ̀daràn sílẹ̀ nínú òfin náà pátápátá, kí ìrànwọ́ lè dé ibi tó yẹ. Ìlà kan ṣoṣo ni òun yóò fà lé lórí, èyí tó ń béèrè ibi tí a ti bí òbí. Èmi náà kò rí ohun tí mo lè fi kún un. Kò sí ọ̀daràn kan tí ìlà yẹn mú, kò sí ọmọ kan tó kọ́ ní ìwé, iṣẹ́ kan ṣoṣo tó ń ṣe ni pé ó ń yan ẹni tí yóò pàdánù ilé.

Àǹtí ń dìbò ìjọba ìbílẹ̀. Láti 1981 ni Denmark ti fún àjèjì tó bá ti gbé níbẹ̀ fún ọdún mélòó kan ní ẹ̀tọ́ yẹn, ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè kò sì tíì ṣe bẹ́ẹ̀ di òní. Ṣùgbọ́n ilé aṣòfin ló ṣe òfin Mjølnerparken, ìbò tiwọn kò sì kan ẹni tí kò tíì dáhùn ìbéèrè 45 náà. Ó ní oṣù kọkànlá ni òun fẹ́ jókòó fún ìdánwò.